Ogun Kan, Àpò Mẹ́ta: Ṣé Lóòótọ́ Ni Ìnáwó Ogun Ń Sọ Ìlú Di Ọlọ́rọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òwe lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Bí ọjà bá dákẹ́, tí iṣẹ́ kò sí, tí owó wọ́n bí ojú, níbi tí àwọn ènìyàn bá ti kó ara wọn jọ sídìí ìwé ìròyìn, kì í pẹ́ tí ẹnì kan fi máa ń sọ ọ́ pé: "Ṣebí ogun ló sọ Amẹ́ríkà di olówó?" Àwọn tó kù a mi orí bí alángbá, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀, bí ẹni pé adájọ́ ti dá ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù.

Èmi kò ní irọ́ gbáà ni. Ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ènìyàn, ó ní ibi tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ Amẹ́ríkà nìkan la máa ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀, Ogun Hítílà tí wọ́n jà láti 1939 sí 1945 kì í ṣe ogun Amẹ́ríkà nìkan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Àwa náà ní Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ogun kan náà ni, ìhà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà, ìhà àwọn tó ṣẹ́gun. Bó bá jẹ́ pé ìnáwó ogun ní í sọ ìlú di ọlọ́rọ̀, ó yẹ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ibẹ̀ là. Ẹ jẹ́ kí á yẹ àpò wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àpò Amẹ́ríkà

Kí ogun tó dé, ìyà ń jẹ Amẹ́ríkà. Láti 1929 ni ọ̀dá owó ti dá sílùú náà. Nígbà tó fi di 1933, bí a bá ka òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn kò ríṣẹ́ ṣe. Ààrẹ Roosevelt sa gbogbo ipá rẹ̀: ó la ọ̀nà, ó kọ́ afárá, ó gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ igi gbíngbìn. Síbẹ̀síbẹ̀, ní 1940, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, bí 15 ṣì wà nílé láìníṣẹ́.

Ìgbà yẹn ni ogun kàn wọ́n lára. Ìjọba ya owó rẹpẹtẹ, ó sì fi kún owó-orí. Ó ń ra ìbọn, ó ń ra ọkọ̀ ojú omi, ó ń ra bàtà sójà àti oúnjẹ inú agolo. Ford kọ́ ilé-iṣẹ́ ràgàjì kan sí Willow Run, nítòsí ìlú Detroit. Nígbà tó di 1944, bí aago bá ti lù lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù kan ti parí níbẹ̀. Obìnrin tí kò gba owó oṣù rí láyé rẹ̀ kó sínú ṣòkòtò, ó di ẹni tó ń jó irin mọ́ irin. Ní ọdún 1944 yìí kan náà, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, ẹni tí kò níṣẹ́ kò ju ẹyọ kan lé díẹ̀ lọ.

Ẹ ẹ̀ rí i? Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ wà, owó sì wà lápò. Ṣùgbọ́n kí ni owó náà lè rà? Láti oṣù kejì 1942, wọn kò ṣe mọ́tò tuntun fún ará ìlú mọ́ títí ogun fi parí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tíkẹ́ẹ̀tì ta ṣúgà. Kọfí tẹ̀ lé e, ẹran tẹ̀ lé e, bọ́tà tẹ̀ lé e, títí kan bàtà tí ènìyàn yóò wọ̀. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n á fi rà kò sí lórí àtẹ, torí irin ti lọ sójú ogun, rọ́bà ti lọ sójú ogun.

Àwọn aláìníṣẹ́ yẹn ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí iṣẹ́ bí a ti mọ iṣẹ́ sí. Nígbà tí ogun fi ń parí, àwọn bíi mílíọ̀nù 12 ló wà nínú aṣọ sójà. Àwọn tó kú nínú wọn lé ní ọ̀kẹ́ ogún (400,000). Ọkùnrin tó jókòó sílé láìríṣẹ́ ní 1939, tó wá wà nínú kòtò ogun ní erékùṣù kan ní 1944, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn aláìníṣẹ́. Ìwé ìṣirò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń kan àga àti ẹni tó ń sá fún ọta ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí wé ohun tí ojú wa tó. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú, káfíńtà tó ń kan pósí á ríṣẹ́ ṣe tọ̀sán-tòru. Á gba ọmọ-iṣẹ́ kún ọmọ-iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ á ra aṣọ tuntun, aláṣọ á rí tà, oníṣu á rí tà lọ́wọ́ aláṣọ. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, tó ń ka owó tó ń wọlé, á ní ìlú ń gbèrú ni. Ṣùgbọ́n pákó tó wọlẹ̀ yẹn, ì bá ti di ìlẹ̀kùn, ì bá ti di àga ilé-ìwé. Ẹni tó wà nínú pósí, òun náà ì bá ti ṣe nǹkan kan láyé. Owó yẹn yí ìlú po lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ìlú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ òfuurufú Willow Run rí: wọ́n ṣe é kó lè lọ fọ́ nǹkan, bí kì í bá ṣe òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí wọ́n má ti ja ogun náà. Hítílà kì í ṣe ẹni tí à ń fi ẹ̀bẹ̀ dá dúró. Bí olè bá wọlé, onílé á gbé àga lù ú, àga á sì kán. Ohun tó tọ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí onílé tí yóò jí lọ́jọ́ kejì kó ní àga tó kán ló sọ òun di olówó. N kò sì gbàgbé pé nǹkan dáadáa kan tinú ogun náà jáde. Oògùn pẹnisílínì tí Fleming kọ́kọ́ rí ní 1928, ìgbà ogun ni Amẹ́ríkà wá ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Ogun mú un yá, ó dá mi lójú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ oògùn lè náwó lé oògùn. Kò dìgbà tó bá kọ́kọ́ dá egbò síra.

Ó dáa. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni Amẹ́ríkà ṣe wá là? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ogun parí, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ní 1945, owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ná lé ogun àti ààbò jẹ́ bílíọ̀nù 83 dọ́là. Ní 1948, ó ti wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 9. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n ti ẹ̀rọ náà pa. Àwọn sójà tí wọ́n bọ́ aṣọ, tí wọ́n padà wálé wá wáṣẹ́, lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń sọ pé ọ̀dá owó ìjọ́sí tún ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìnáwó ogun ló gbé ìlú náà ró, ọdún tí wọ́n yọ ọ́ kúrò ló yẹ kó wó. Kò wó. Ní 1946, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, àwọn tí kò níṣẹ́ kò pé mẹ́rin.

Ohun tó gbé wọn ró ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ogun tètè yíjú sí mọ́tò, ẹ̀rọ amómitutù àti ilé kíkọ́. Àwọn ará ìlú tí wọn kò rí nǹkan rà fún ọdún mẹ́rin ti fi owó pamọ́, wọ́n sì jáde lọ ra nǹkan. Ìjọba ṣe òfin kan ní 1944 pé kí sójà tó bá dé lọ sílé-ìwé lórí owó ìjọba, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì lọ sí yunifásítì. Ìgbà tí ìbọn dákẹ́ ni ọrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń pa òwe yẹn kì í rántí. Bọ́ǹbù kankan kò bọ́ sórí ilé-iṣẹ́ Detroit, kò bọ́ sí Chicago. Nígbà yẹn, ti Jámánì ń jó, ti Jàpáànù ń jó, ti Rọ́ṣíà ti di eérú. Bí gbogbo ilé oníbúrẹ́dì àdúgbò bá jóná, ẹyọ kan tó ṣẹ́kù á tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé iná ló wá dára ni, àbí ẹni tí iná kò jó ilé rẹ̀ ló ríre?

Àpò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni aládùúgbò tí iná jó. Àwọn náà náwó ogun, wọ́n sì ná an ju bí apá wọn ṣe ká lọ. Nígbà tí ogun gbóná janjan, nǹkan bí ìlàjì gbogbo ohun tí ìlú náà ń rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ogun ń gbé mì. Àwọn náà kò ní aláìníṣẹ́ nígbà yẹn. Gbogbo ọwọ́ ló dí. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ tó dí ni ọrọ̀, wọn ì bá ti là.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò wọn. Kí Amẹ́ríkà tó fẹnu kò ní oṣù kẹta 1941 pé òun á máa fún wọn ní ohun ìjà láìgba owó lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀, owó gidi ni wọ́n fi ń ra ìbọn: góòlù àti dọ́là. Láàárín ọdún ogun, wọ́n ta ohun ìní wọn tó wà lókè òkun, tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn ilẹ̀ tó ń lo owó pọ́n-ùn, bí Íńdíà, Íjíbítì àti àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn, lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Nítorí náà, apá kan lára owó tó kún àpò Amẹ́ríkà kò jábọ́ láti ọ̀run. Àpò ọ̀rẹ́ ló ti jáde.

Ní oṣù kẹjọ 1945, bí Jàpáànù ti túúbá, Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ ohun ìjà yẹn dúró. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù rán Keynes, àgbà nínú àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ayé, sí Washington pé kó lọ wá owó. Ara rẹ̀ kò yá, síbẹ̀ ó lọ. Ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 3.75 dọ́là ló bá dé, èlé sì wà lórí rẹ̀. Aṣẹ́gun ló wá di ayáwó. Búrẹ́dì tí wọn kò fi tíkẹ́ẹ̀tì tà nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ lé wọn lórí, wọ́n wá ń fi tíkẹ́ẹ̀tì tà á láti oṣù keje 1946 títí di 1948. Ẹran kò bọ́ lọ́wọ́ tíkẹ́ẹ̀tì títí di 1954, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìṣẹ́gun. Ẹ̀yáwó Amẹ́ríkà yẹn ńkọ́? Ìparí ọdún 2006 ni wọ́n tó san èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ogun parí ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún kí gbèsè náà tó tán.

Àpò tiwa

Ẹnikẹ́ni kò bi àwa léèrè bóyá a fẹ́ jagun. Gọ́mìnà kàn kéde rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òwe yẹn wò ó, ó yẹ kí ogun náà ṣe wá lóore gidi, torí iṣẹ́ dé. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n tò pọ̀ ní Takoradi ń gba Èkó àti Kánò kọjá lọ sí Íjíbítì. Wọ́n ń ṣe pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń kọ́ bárékè. Àwọn ọmọ wa wọṣẹ́ sójà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ja ogun dé Bọ́mà. Nígbà tí Jàpáànù gba Malaya ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, epo pupa, rọ́bà àti tánganran tí wọ́n fi ń ṣe agolo wá di ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá lójú méjèèjì lọ́wọ́ wa. Ọlọ́jà wo ni oníbàárà ń sáré tọ̀ wá bẹ́ẹ̀ tí kò ní là?

Ọlọ́jà tí kì í dá owó lé ọjà rẹ̀ ni. Ìjọba kó gbogbo kòkó, epo, ẹkùrọ́ àti ẹ̀pà sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìgbìmọ̀ náà ló ń sọ iye tí òun á rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, òun náà ló sì ń tà á lókè òkun. Èrè tó wà láàárín kò padà sọ́dọ̀ ẹni tó gun igi kòkó. Ní Jos, ti tánganran tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín 1942 sí 1944, àwọn àgbẹ̀ tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) ni wọ́n fi tipátipá kó lọ wa ilẹ̀. Oúnjẹ kò tó, ibùsùn kò dára, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà délé mọ́.

Ní Èkó, owó oṣù ń wọlé fún àwọn tó ríṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù wá ti dín kù. Aṣọ wọ́n, iyọ̀ wọ́n, kẹrosínì wọ́n, páànù wọ́n. Ẹni tó bá mọ ọjà mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé èyí: bí owó bá pọ̀ lóde tí ẹrù kò pọ̀, owó ọjà á gun òkè àjà. Ìjọba ní kí àwọn fi òfin dè é. Wọ́n gbé Ọ̀gágun Pullen kalẹ̀ pé kó dá owó lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn. Àwọn ìyálọ́jà, tí Alimotu Pelewura ti ọjà Ẹrẹ́kọ̀ jẹ́ aṣáájú wọn, sọ pé iye tí ìjọba dá lé e kò tó iye tí àwọn rà á lóko. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Gàrí kúrò lórí àtẹ lọ́sàn-án, ó di ohun tí wọ́n ń fi ojú ṣẹ́ ara wọn tà lóru, ní ìlọ́po owó. Tálákà ló jìyà rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin nítorí sójà wà lára ohun tó bí wọn nínú tí wọ́n fi tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nígbà tó yá.

Nígbà tó di 1945, ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní owó ọjà ti sá fi owó iṣẹ́ àwọn sílẹ̀ jìnnà. Ohun tí wọ́n béèrè ni ṣílè méjì ààbọ̀ lójúmọ́ fún lébìrà, àti kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ oúnjẹ. Ìjọba kọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, rélùwéè dákẹ́, tẹligíráàmù dákẹ́, àwọn bí 30,000 òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba ti lé lọ sẹ́yìn odi láti 1943, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira dé ni. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ìjọba gbé dìde wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n fi ìdajì yẹn kún un. Ẹ̀rí kí là ń wá mọ́? Ìgbìmọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé owó tó ń wọlé nígbà ogun kò tó gàrí ín jẹ.

Owó kòkó wa tó kù sí Lọ́ńdọ̀nù náà kò bọ́. Ara gbèsè tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ ló wà. Ní oṣù kẹsàn-án 1949, wọ́n já owó pọ́n-ùn wálẹ̀ láti 4.03 dọ́là sí 2.80, owó tí àwa ń ná sì bá a wálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí okùn kan ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Ìgbà tí owó kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954 la tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú. Ó wà lára ohun tó ran ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 lọ́wọ́. Ẹ wò ó bí owó kan náà ti rí: nígbà tó wà nínú ogun, ebi ló bí, nígbà tó wọ ilé-ìwé, ó bí dókítà àti lọ́yà.

Ẹjọ́ ti tó dá wàyí. Ìnáwó ogun lè gbé aláìníṣẹ́ dìde lórí ẹní, n kò jiyàn. Ìnáwó mìíràn náà lè gbé e dìde. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ kò sí nínú ìbọn tí a rà. Inú ilé-iṣẹ́ tí bọ́ǹbù kò wó ló wà, àti inú ohun tí ìlú fi owó rẹ̀ ṣe nígbà tí ìbọn dákẹ́. Amẹ́ríkà ní méjèèjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, ó jẹ gbèsè. Àwa kò dá ogun náà sílẹ̀, a kò dá owó lé ọjà wa, síbẹ̀ a san nínú rẹ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, kì í mọ ẹni tí yóò bà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tún sọ níbi ìwé ìròyìn pé ogun ní í sọ ìlú di ọlọ́rọ̀, ẹ má bá a jà, ẹ má sì tètè mi orí. Ẹ kàn bi í pé: àpò ta ni ó ń sọ?